Ilẹ̀ Ń Ṣú: Irú Iná Wo Ni Ó Yẹ Kí A So Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Wa?

Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú ní agbègbè wa. Ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú nínú oṣù Kọkànlá. Nínú oṣù Keje ó lè kọjá agogo méje díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yòówù kí ó wọ̀, kò ní tó ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà tí òkùnkùn yóò fi bo gbogbo ilẹ̀. Ẹni tí ó gbéra ní oko nígbà tí ojú ọ̀run ṣì pọ́n lè má tíì dé ìdajì ọ̀nà tí kò fi ní rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ta ni ó wà lójú ọ̀nà ní àkókò náà? Àgbẹ̀ tí ó di iṣu àti ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò tètè tú sílẹ̀ ní Òṣogbo wà níbẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ kó ẹrù ọjà wálé wà níbẹ̀. Àwọn ará ìjọ tí wọ́n ń bọ̀ láti ìpàdé ìrọ̀lẹ́, tàbí tí wọ́n ń lọ sí ìṣọ́ òru, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní iná kankan lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni pé àwọn mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ó dára kí a mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n kòtò tí òjò àná gbẹ́, ewúrẹ́ tí ó sùn sójú títì, àti ọkọ̀ tí ó dẹnu kọlẹ̀ láìtan iná, kò sí èyí tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n ojú kò lè ṣọ́ orí níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá sí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí irú iná tí ó yẹ kẹ̀kẹ́, àti bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè ra èyí tí yóò wúlò fún un.

KẸ̀KẸ́ TI PADÀ DÉ

Ọjọ́ ti pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ológeere ti wà nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n nígbà tí alùpùpù dé, ọ̀pọ̀ ló gbé e jù sí ẹ̀yìnkùlé. Nǹkan yí padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Jálá epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún gbéra sí i lẹ́yìn náà. Kẹ̀kẹ́ kò mu epo. Nítorí náà, ẹni tí ó ní i nílé gbọn eruku rẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn lónìí yàtọ̀ sí Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀, táyà wọn nípọn, ó sì ní eyín gàgàrà. Irú kẹ̀kẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County ní ìpínlẹ̀ California ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Tamalpais. Wọ́n ṣe é fún orí òkè àti inú igbó, nítorí náà ó bá ọ̀nà oko wa mu gidigidi. Àléébù kan ni ó ní: wọn kì í sábà fi iná sí i láti ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ Raleigh àtijọ́ ní dáínámò àti iná iwájú. Èyí kò ní. Bí ẹ bá ra kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín, ẹ rántí pé ẹ kò tíì ra kẹ̀kẹ́ tán títí ẹ ó fi ra iná rẹ̀.

IṢẸ́ MÉJÌ NI INÁ Ń ṢE

Iṣẹ́ kìíní ni pé kí a lè ríran. Iṣẹ́ kejì ni pé kí a lè rí wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ronú nípa ti àkọ́kọ́ nìkan, ṣùgbọ́n lójú títì ńlá tí ó lọ sí Òṣogbo, èkejì gan-an ni ó ń gba ẹ̀mí là. Awakọ̀ tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn yín kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ bí kò bá rí nǹkan pupa tí ń tàn. Ní ọ̀nà oko, níbi tí ọkọ̀ kò sí, ti àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí gbòǹgbò igi, òkúta àti ojú àgbàrá ni ọ̀tá tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wo bí iná náà ṣe gbọ́dọ̀ rìn jìnnà tó. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan ń rìn ju mítà 4 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ìgbà tí ojú bá rí kòtò títí ọwọ́ yóò fi fún búrẹ́ẹ̀kì, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀. Ìyẹn ti jẹ mítà 6. Búrẹ́ẹ̀kì tí ó dára yóò tún jẹ mítà 2 sí 3 kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 9. Bí ẹni náà bá wá ń sọ̀kalẹ̀ ní kìlómítà 30, ohun tí ojú àti ọwọ́ jẹ yóò di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ohun tí búrẹ́ẹ̀kì jẹ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Àpapọ̀ yóò lé ní mítà 21. Bí ilẹ̀ bá tutù, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni èyí kọ́ wa? Bí iná yín kò bá tàn ju mítà 10 lọ, ẹ má ṣe sáré ju ẹni tí ń rọra lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ó pinnu eré.

LÁTI KÁBÁÌDÌ DÉ LED

Àwọn àgbà yóò rántí fìtílà kábáìdì tí àwọn ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí. Omi ń kán sórí kábáìdì, gáàsì ń jáde, gáàsì náà ni ó ń jó. Irú fìtílà yìí kan náà ni àwọn òyìnbó so mọ́ kẹ̀kẹ́ wọn kí iná bátìrì tó dára.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni dáínámò, èyí tí orí rẹ̀ ń fi ara ro táyà. Àgbára rẹ̀ kò ju fóòtì 6 àti wáàtì 3 lọ: wáàtì 2.4 fún iwájú, ìyókù fún ẹ̀yìn. Ire rẹ̀ ni pé kì í béèrè bátìrì. Ibi rẹ̀ ni pé ó ń mú kẹ̀kẹ́ wúwo díẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ bá sì dúró, iná náà kú.

Ẹ̀kẹta ni tọ́ọ̀ṣì onígílóòbù. Gílóòbù kékeré bẹ́ẹ̀ ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára bátìrì di ooru dípò ìmọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí bátìrì fi ń tètè kú.

Ẹ̀kẹrin ni LED tí ó gba gbogbo ọjà lónìí. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí a bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n rí ọgbọ́n dá LED tí ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, láti ara èyí tí a fi ń ṣe ìmọ́lẹ̀ funfun. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2014. Àǹfààní rẹ̀ fún àwa ni pé wáàtì kan LED lè fún wa ní ìmọ́lẹ̀ bí ìlọ́po mẹ́wàá ti gílóòbù àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra iná kẹ̀kẹ́ lónìí, LED ni kí ẹ rà. Ìjà tí ó kù ni láti mọ ògidì yàtọ̀ sí ayédèrú.

IRỌ́ TÍ Ó WÀ LÁRA PÁÁLÍ

Lumen ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí iná ń tú jáde. Ẹ ó rí i lára páálí: lumen 5,000, lumen 10,000, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí iná tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́ kí ẹ tó ṣírò.

Bátìrì tí ó wọ́pọ̀ jù nínú iná wọ̀nyí ni èyí tí wọ́n ń pè ní 18650. Orúkọ náà fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn: ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó gùn ní mìlímítà 65. Fóòtì rẹ̀ jẹ́ 3.7. Bí ó bá jẹ́ ògidì tí wọ́n kọ 2,500 mAh sí lára, agbára inú rẹ̀ yóò tan iná wáàtì kan fún wákàtí 9 ó lé díẹ̀. LED tí ó dára ń fún ni ní nǹkan bíi lumen 100 lórí wáàtì kan. Nítorí náà, iná lumen 200 yóò jẹ wáàtì 2, yóò sì tàn fún bíi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀. Èyí bọ́gbọ́n mu.

Ṣùgbọ́n lumen 10,000 yóò jẹ wáàtì 100. Bátìrì kan ṣoṣo yóò kú láàárín ìṣẹ́jú 6, bí kò bá tilẹ̀ ti jó ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú kí ó tó kú. Ẹ rí i pé irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì 18650 tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí. Àwọn ògidì kì í ju bíi 3,500 lọ. Ògidì a sì máa wúwo tó bíi gíráàmù 45. Èyí tí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ẹ dá a padà.

Lumen mélòó ni ó tó nígbà náà? Ní títì ọ̀dà tí ó ní iná díẹ̀, lumen 100 tòótọ́ yóò ṣe é. Ní ọ̀nà oko, tí ó ṣókùnkùn tí ó sì rí gbágungbàgun, ẹ wá lumen 200 sí 400 tòótọ́. Ẹni tí kì í sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

NÍBO NI KÍ A SO Ó MỌ́?

Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè lóru ní ilẹ̀ òkèèrè ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ó yẹ kí àwa náà mọ̀. Iná orí nìkan, irú èyí tí ọdẹ ń dè, kò tó. Ìdí rẹ̀ ni pé iná náà súnmọ́ ojú gan-an, nítorí náà òjìji tí kòtò tàbí òkúta dá máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ yóò dàbí ẹni pé ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Iná tí a so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà nísàlẹ̀ ojú. Òjìji kòtò yóò hàn kedere, a ó sì mọ bí ó ti jìn tó.

Síbẹ̀, iná ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kì í wo ibi tí ojú ń wò nígbà tí a bá fẹ́ yà. Iná orí ni ó ń ṣe ìyẹn. Nítorí náà, bí agbára bá wà, méjì ni ó dára jù: èyí tí ó lágbára lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kékeré lórí akoto. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ lè rà, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan di tọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì darí kẹ̀kẹ́. Ẹ má sì ṣe fi ẹnu di fóònù mú bí àwọn kan ti ń ṣe. Bí iná yín kò bá ní ohun ìdè, ẹ gé rọ́bà inú táyà tí ó ti gbó, ẹ fi dè é pinpin. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, kì í sì í yọ̀.

OHUN MẸ́FÀ TÍ A Ó WÒ KÍ A TÓ SAN OWÓ

1. Ẹ tan án nínú òkùnkùn, kì í ṣe nínú oòrùn ọjà. Ẹ ní kí òǹtajà jẹ́ kí ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, kí ẹ tàn án sára ògiri. Kí àárín ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ láìsí àmì dúdú.

2. Ẹ gbọ̀n ọ́n gidigidi bí ó ti ń tàn. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, yóò kú ní kòtò àkọ́kọ́.

3. Ẹ wo ẹnu ibi tí a ti ń gbaná sí. Ó gbọ́dọ̀ ní rọ́bà ìdérí. Bí wọ́n bá kọ IPX4 sára rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òjò tí ń ta sí i kò ní bà á jẹ́. Ẹni tí ń rìn nígbà òjò kò gbọdọ̀ ra èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀.

4. Ẹ béèrè bóyá chájà fóònù lásán lè gbaná sí i. Bí ó bá jẹ́ chájà àkànṣe ni ó ń lò, ọjọ́ tí chájà náà bàjẹ́ ni iná náà di òkú.

5. Ẹ wò ó bóyá bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ. Èyí tí ó ṣeé yọ lè lo ọdún púpọ̀, nítorí bátìrì ni ó ń kọ́kọ́ rẹ̀.

6. Bí ó bá jẹ́ ti oòrùn, ẹ wo bí pátákó agboòrùn rẹ̀ ti tóbi tó. Pátákó wáàtì kan yóò gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí oòrùn mú dáadáa kí ó tó kún bátìrì 18650 kan. Èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

KÍ NI Ó PỌ́N JÙ?

Ọjà tí owó rẹ̀ kéré lè jẹ́ èyí tí ó wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé. Bí tọ́ọ̀ṣì kan bá ń jẹ bátìrì méjì lọ́sẹ̀, yóò jẹ bátìrì 104 lọ́dún. Ẹ lọ béèrè iye ẹyọ kan ní ọjà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 104, kí ẹ wá fi wé owó iná tí a lè gbaná sí. Bátìrì irú rẹ̀ ṣeé gbaná sí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kí agbára rẹ̀ tó rẹ̀yìn. Ẹ ó rí i pé tọ́ọ̀ṣì tí ó dàbí ẹni pé ó pọ́n lọ́wọ́ ni ó ń jẹ owó ilé lábẹ́lẹ̀.

Bí owó kò bá sì tó fún iná iwájú tí ó dára, ẹ má ṣe fi ti ẹ̀yìn dùbúlẹ̀. Iná pupa kékeré ni ó pọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, òun sì ni awakọ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ẹ fi téèpù tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kún un, sára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti sí ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé ẹrù tí ẹ dì sẹ́yìn kò bò ó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní iná ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àpò àgbàdo ti bò ó mọ́lẹ̀.

BÁTÌRÌ LÈ DI INÁ AJÓNIRUN

Bátìrì líthíọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ má ṣe gbaná sí i lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Ẹ má fi í sínú oòrùn tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Bí ó bá wú, ẹ má gbaná sí i mọ́. Ẹ má jù ú sínú iná pẹ̀lú pàǹtírí, nítorí ó lè bú gbàmù. Àwọn bátìrì tí wọ́n tú nínú òkú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n wá fi ọ̀rá tuntun wé, ẹ yẹra fún wọn.

ÒFIN ÀTI ÌFẸ́ ỌMỌNÌKEJÌ

Ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ lóru gbọ́dọ̀ ní iná funfun níwájú àti pupa lẹ́yìn. Ẹ má ṣe pààrọ̀ wọn. Bí awakọ̀ bá rí funfun, yóò rò pé ẹ ń bọ̀ wá pàdé òun ni. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń rin apá ọ̀tún, nítorí náà apá òsì yín ni ẹni tí ń bọ̀ yóò gbà kọjá. Ẹ tẹ orí iná yín wálẹ̀ kí ó má bàa wọ ojú rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá fọ́ lójú lè ya lù yín.

Ohun mìíràn tún wà. Gbogbo wa mọ̀ pé aáwọ̀ ilẹ̀ ti da àlàáfíà rú láàárín àwọn ìlú wa, àti pé ní ọdún 2025 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìgbàkígbà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà, kò sí iná tí ó lè sọ ìrìn òru di ohun tí ó tọ́. Ẹ dúró sílé, àní bí ìṣọ́ òru bá tilẹ̀ wà. Nígbà tí kò bá sì sí òfin, ẹ tan iná yín kí ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń rìn nínú òkùnkùn láìtan iná ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fura sí. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn láti ọ̀nà jíjìn, tí ó sì kí wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ti fi hàn pé òun kò bá ibi wá. Ará Ìlobùú ni o, ará Ifọ́n ni o, ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni o, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà wálé.

Ẹ̀yin òbí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ lọ wo kẹ̀kẹ́ tí ó wà nílé yín. Ṣé ó ní pupa lẹ́yìn? Ṣé ó ní funfun níwájú? Àwọn wúńdíá márùn-ún tí wọ́n gbé fìtílà lọ láìmú òróró kún un kò ṣàìní fìtílà. Ìmúrasílẹ̀ ni wọn kò ní. Ẹ gbaná sí i ní ọ̀sán, kí ó lè tàn ní alẹ́. Kí Ọlọ́run máa bá wa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo ìdílé wa.